Ẹ má tíì gbé sísọ́ọ̀sì o: bí a ṣe ń rán aṣọ Cultural Day àti aṣọ eré ọmọ láti inú aṣọ tó ti wà nílé

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Alẹ́ Sunday, ẹ ń di irun ọmọ lọ́wọ́, fóònù á dún, tíṣà ti ju méséèjì sórí WhatsApp kíláàsì pé Thursday ni Cultural Day, kí gbogbo ọmọ Primary 1 wọ aṣọ ìbílẹ̀, kí àwọn tó máa ṣe eré àlọ́ sì mú kọ́sítúùmù tiwọn wá. Thursday tó ń bọ̀ yìí náà! Kíá ni àwọn ìyá kan á ti máa béèrè ẹni tó ń háyà aṣọ, àwọn kan á sáré lọ bá télọ̀ tí kò tíì rán aṣọ Iléyá àwọn èèyàn tán. Èmi ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ra yáàdì aṣọ kan torí nǹkan tí ọmọ máa wọ̀ fún wákàtí mẹ́rin tí á sì da sítúù sí lára, àpótí ilé ni mo máa ń ṣí. Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà wa yẹn gan-an ni ọjà tí a fẹ́ lọ ná.

Mi ò kì í ṣe télọ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìró ìgbéyàwó wá fún mi. Máṣíìnì Butterfly ọlọ́wọ́ kan ni mo ní, mo mọ̀ ọ́n rán gbọọrọ, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò, ó parí. Ìdí tí iṣẹ́ mi fi máa ń jọ iṣẹ́ télọ̀ ni pé mi ò kì í ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra mi. Aṣọ tó ti gbó, iṣẹ́ ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀: ọrùn tí wọ́n ti rán dáadáa, etí tí wọ́n ti ká, sípù, àpò, ihò bọ́tìnì, gbogbo nǹkan tó máa ń fọ́ orí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ẹlòmíì ti ṣe é, wọ́n sì ti gba owó ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá wá gbé sísọ́ọ̀sì lé e bí ẹni tó ń gé aṣọ tuntun, ẹ ti da iṣẹ́ yẹn nù, ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí kò lágbára mọ́. Torí náà ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ wò ó dáadáa pé, kí ni mo lè fi sílẹ̀ bó ṣe wà níbí? Lẹ́yìn ìyẹn ni sísọ́ọ̀sì.

Kí ẹ tó kó aṣọ jáde

Ẹ béèrè o. Ọdún tí àkọ́bí mi wà ní Nursery 2, mo rí ìpèlé àlàárì kan nísàlẹ̀ Ghana Must Go, kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀, mo ní ta ló rántí eléyìí, mo gé e ní méjì. Àṣé ara aṣọ ìgbéyàwó ìyá ọkọ mi ni. Màmá ò pariwo, wọ́n kàn wo ọmọ láti òkè délẹ̀, wọ́n ní "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ o." Ẹni tó bá ti wà nílé ọkọ mọ ohun tí "o kú iṣẹ́" yẹn túmọ̀ sí. Sányán, àlàárì àti ẹtù, aṣọ ọ̀fì àwọn àgbà, ẹ má fi ọwọ́ kàn án láìgba àyè, bó ti wù kó gbó tó.

Èyí tí ẹ bá ti gba àyè ẹ̀, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbi púpọ̀ bí ajere, ó ti lọ nìyẹn, ẹ fi nu ilẹ̀. Tí kò bá yọ, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á síra, tó bá dún ṣàà tó sì là, kò lè gba òwú mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́ apá, ìdí àti orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè ṣì le koko, nítorí náà ẹ dán an wò níbi mẹ́rin márùn-ún kí ẹ tó dájọ́ fún un.

Tí ilé ò bá ní nǹkan, òkìríkà wà, àwọn ará Èkó mọ ọjà Katangwa. Aṣọ òkìríkà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn kí ọmọ tó fi kan ara. Àdìrẹ tó ṣì ń yọ aró, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ rán an mọ́ nǹkan funfun.

Nǹkan tí ẹ máa lò ò pọ̀: sísọ́ọ̀sì tó mú (kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ fi ń gé páálí), tépù, píìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́, òwú, rọ́bà fẹ̀ńfẹ̀ bí ìka kan, velcro díẹ̀, gum stay (èyí tí a fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè le), àti bíléèdì tí a fi ń tú aṣọ. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ dáa, àmọ́ ègé ọṣẹ ìfọṣọ tó ti rù máa fa ìlà ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ó sì máa ń lọ tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Títú aṣọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fa aṣọ ya. Ẹ má fi ipá là á. Ẹ fi orí bíléèdì já òwú kan, ẹ fo mẹ́ta, ẹ já ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ṣe lọ ní ojú kan ṣoṣo. Tí ẹ bá dé òpin, ẹ yí aṣọ padà, ẹ di orí òwú tó wà ní ojú kejì mú kí ẹ fà á, á yọ gbọọrọ láti òkè délẹ̀ láìya nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó yọ báyẹn lọ́wọ́ mi, mo pe ọkọ mi wá wò ó.

Ọjọ́ orí ò wọ aṣọ

Ẹ má rán aṣọ "ọmọ ọdún mẹ́fà", ọmọ tiyín ni kí ẹ wọ̀n. Àyà, ìbàdí, èjìká sí èjìká, èjìká sí ìsàlẹ̀ orúnkún, ìbàdí sí kókósẹ̀, gígùn ẹ̀yìn láti ọrùn dé ibi tó fi ń jókòó, àti orí. Ẹ má gbàgbé orí! Ọmọ mi obìnrin nígbà tó pé ọdún mẹ́fà, àyà ẹ̀ íǹṣì 23, ìbàdí 21, orí ẹ̀ 20 àti ààbọ̀, ẹ rí i pé orí ọmọdé fẹ́ẹ̀ tó ìbàdí ẹ̀. Ọrùn aṣọ tí kò bá tó íǹṣì 21 tàbí 22 yíká kò ní gba orí kọjá àfi tí ẹ bá là á kí ẹ sì fi bọ́tìnì sí i, àwa náà mọ bí ọmọ ṣe máa ń ké tí aṣọ bá há sí etí ẹ̀ láàárọ̀ tí bọ́ọ̀sì skúùlù ti ń fun fèrè.

Fún aṣọ tó máa ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára, ẹ fi íǹṣì 4 sí 6 kún àyà. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan máa jẹ ààbọ̀ íǹṣì. Etí ìsàlẹ̀, ẹ ká a ní íǹṣì 2 tí aṣọ bá gbà, kí ẹ lè tú u lọ́dún tó ń bọ̀.

Bùbù màmá di agbádá ọmọ, pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà

Eléyìí ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gé agbádá bàbá fún ọmọ, kì í rí dáadáa, torí pé mónógíráàmù àyà agbádá àgbàlagbà máa ń gùn débi pé lára ọmọ ó máa dé orúnkún, á dà bí ọmọ tí wọ́n so kápẹ́ẹ̀tì mọ́ lọ́rùn. Bùbù obìnrin ni kí ẹ wá. Bó ṣe fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn, ìrísí agbádá ló ti ní tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọrùn ẹ̀ sì máa ń kéré. Màá fi èyí tí mo ṣe ṣàlàyé: bùbù àdìrẹ, íǹṣì 48 ní fífẹ̀, 56 ní gígùn, ọmọkùnrin tó ga tó íǹṣì 45.

Ẹ yí inú ẹ̀ síta, ẹ pa á pọ̀ ní ìdúró kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá tòsì mu, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kí ìlà àárín lè hàn. Ẹ tún un tẹ́. Láti èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ẹ wọ̀n íǹṣì 31 sísàlẹ̀, ẹ fa ìlà kọjá, ẹ gé e. Ẹ rí ìsàlẹ̀ tí ẹ gé kúrò yẹn, íǹṣì 25 tí etí ẹ̀ ti wà ní kíká, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣòkòtò ti wà nínú ẹ̀.

Láti ìlà àárín, ẹ wọ̀n 18 àti ààbọ̀ sí ọ̀tún, bákan náà sí òsì, ẹ gé e tààrà láti òkè délẹ̀. Ègé gígùn méjì tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fẹ̀ tó íǹṣì 5 àti ààbọ̀, ẹ má jù ú nù, fìlà nìyẹn. Ẹ wá ká etí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ agbádá. Ẹ pa iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní bíi íǹṣì 12, ibi tó kù tí ẹ ò rán ni ọwọ́ á ti máa yọ.

Ó ku ọrùn, ó máa fẹ̀ jù fún ọmọ. Tèmi tó 26 yíká, 22 ni mo fẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan iwájú rárá, iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn, ní àárín gan-an, ni kí ẹ ti ṣẹ́ aṣọ po sí ọ̀tún ní íǹṣì kan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí òsì ní íǹṣì kan kí méjèèjì kọjú síra, ìyẹn á gba íǹṣì 4 lọ́wọ́ ọrùn. Ẹ rán ìṣẹ́po yẹn mọ́lẹ̀ ní íǹṣì kan àti ààbọ̀, lẹ́yìn náà kó ṣí sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí ọmọ bá dàgbà, ẹ tú u, ọrùn á padà sí bó ṣe wà.

Ṣòkòtò ńkọ́? Ẹ mú ṣòkòtò kan tó ń wọ ọmọ dáadáa, ẹ pa á pọ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ bùbù tí ẹ gé yẹn kí etí tó ti wà ní kíká bọ́ sí kókósẹ̀, ẹ fa ìlà yí i ká pẹ̀lú íǹṣì kan àti ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó lè fẹjú, ẹ gé ẹsẹ̀ méjì. Íǹṣì 25 kì í fẹ́ẹ̀ tó tí ẹ bá tún fẹ́ ká ibi tí rọ́bà máa gbà, nítorí náà ẹ wá aṣọ mìíràn, láínìn àtijọ́ tàbí pópílíìnì, íǹṣì 3 ní fífẹ̀, ẹ rán an sí òkè ẹ̀ ní ìbàdí, ẹ pa á po, ẹ ki rọ́bà sínú ẹ̀. Agbádá máa bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Rọ́bà gbọ́dọ̀ dín ní íǹṣì 2 sí ìbàdí ọmọ, fún ìbàdí 21 ẹ lo 19.

Fìlà: ẹ gé 21 àti ààbọ̀ ní gígùn nínú ègé ẹ̀gbẹ́ yẹn (orí ọmọ pẹ̀lú ojú rírán), ẹ lẹ gum stay mọ́ inú ẹ̀, ẹ rán orí kan mọ́ èkejì kó di rìbìtì, ẹ tẹ òkè ẹ̀ pẹlẹbẹ kí ẹ rán an pa, ẹ ká ìsàlẹ̀. Á gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń ká agbádá sí èjìká, nítorí náà ẹ bá a ká a, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an mọ́ èjìká ní ojú mẹ́ta mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù ni apá agbádá máa sùn.

Gèlè tó ti kọṣẹ́

Gèlè aṣọ òkè tí kò lè dúró mọ́ lórí, ìró ọmọ ni. Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ kan gbọọrọ, ègé ègé tí wọ́n hun ni wọ́n rán pọ̀, ẹ wò ó lẹ́yìn ẹ máa rí ojú ìrán. Tí ẹ bá fẹ́ dín ìbú ẹ̀ kù, ẹ tú ojú ìrán yẹn, ẹ má gé e, etí híhun ẹ̀ kì í tú. Ibi tí ẹ bá gé ní ìdábùú nìkan ló máa tú fùlẹ̀fùlẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ lé e òwú ti ń já lọ. Kí ẹ tó gé ìdábùú, ẹ rán ìlà méjì tí àlàfo àárín wọn ò ju ìbú ìka lọ, ẹ wá gé àárín wọn.

Gèlè tèmi gùn tó íǹṣì 72, ó fẹ̀ tó 22. Mo gé e ní 44, iyẹn di ìró, ó yí ọmọ tí ìbàdí ẹ̀ jẹ́ 21 ká ní ẹ̀ẹ̀mejì. Íǹṣì 28 tó kù di ìpèlé. Ìró náà ò dé kókósẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń jó nínú ìró tó dé ilẹ̀ máa ṣubú. Ẹ má so ó ní kókó, ẹ rán velcro sí igun méjèèjì, ègé mẹ́ta ní ìlà kan kó lè ṣe é dín àti fẹ̀. Bùbá, ẹ fi bùbá léèsì àtijọ́ ṣe é, ẹ gbé bùbá ọmọ lé e lórí, ẹ fa ìlà yí i ká, ẹ jẹ́ kí etí léèsì tó ní ọnà bọ́ sí ìsàlẹ̀ àti etí apá. Ẹni tó fẹ́ kún aṣọ òkè ẹ̀ níbàdàn, Ọjà Ọjé ni kó gbà.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun bàbá di kóòtù dókítà

Fún Career Day ni, ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa ń múra bí oníṣẹ́ tó wù wọ́n. Ẹ wo ohun tó wù mí nínú ẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà gùn tó íǹṣì 30, lára ọmọ ó máa kọjá orúnkún díẹ̀, gígùn kóòtù dókítà gan-an, ẹ ò ní gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ rárá. Àpò àyà bàbá, tó bá dé ara ọmọ, máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ibi tí àpò dókítà máa ń wà. Ṣé ẹ rí i? Èjìká àti apá nìkan ló ní iṣẹ́.

Ẹ tú apá méjèèjì. Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ lé e lórí kí ọrùn bá ọrùn mu, ẹ fa ìlà èjìká àti ihò apá, ẹ fi íǹṣì kan kún un, ẹ gé e, ẹ sì dín ẹ̀gbẹ́ kù bó bá fẹ̀ jù. Apá ṣẹ́ẹ̀tì, láti òkè ni kí ẹ ti gé e kúrú, kì í ṣe láti ọwọ́, kí kọ́ọ̀fù lè wà bó ṣe wà, ẹ kàn ká kọ́ọ̀fù yẹn sókè. Tí ẹ bá fẹ́ dá òkè apá, ẹ fi apá ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ fa ìlà ẹ̀. Kọ́là máa tóbi, ẹ má dè é ní bọ́tìnì òkè, ẹ yí i sí ìta kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, á dà bíi kọ́là kóòtù. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, ẹ fi ìyáfóònù tó ti bàjẹ́ àti ọmọrí ìgò ṣe é, àmọ́ kí wáyà yẹn má wà ní ọrùn ọmọ kékeré bí okùn, ẹ ki í sínú àpò kí orí ẹ̀ yọ.

Àwọn ọmọkùnrin á ní sójà ni àwọn fẹ́ ṣe. Èmi ò kì í rán camouflage o, òfin ilẹ̀ wa ò fẹ́ kí ará ìlú máa wọ aṣọ ológun, kí n má lọ ṣàlàyé ara mi lójú ọ̀nà nítorí Career Day. Lọ́yà rọrùn: gáùn dúdú àtijọ́ tí ẹ là níwájú, pẹ̀lú ègé funfun méjì lọ́rùn.

Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo

Gbogbo eré àlọ́ ló máa ń fẹ́ Ìjàpá, ẹ̀yin náà mọ̀, ọmọ tó bá sì gba Ìjàpá ló máa ń gba àtẹ́wọ́ jù. Nínú àlọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́, wọ́n tò ó pọ̀ padà, nítorí náà kò sí aṣọ tó yẹ kó kún fún àbùlẹ̀ ju tiẹ̀ lọ. Ẹ̀kú eégún gan-an, aṣọ lórí aṣọ, ègé lórí ègé ni. Ibí ni àwọn pẹ́lẹ́bẹ́ ańkárá tí ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe ti wúlò.

Ẹ wá báàgì skúùlù àtijọ́ tí sípù ẹ̀ ti bàjẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe Ìjàpá, páálí ni mo gé, mo fi okùn so ó mọ́ ọmọ lẹ́yìn, kí wọ́n tó kọrin àlọ́ kejì páálí ti wà lábẹ́ apá, okùn sì ti há ọmọ lápá. Báàgì ti ní okùn èjìká tó ṣe é fà, tó ṣe é dín, ó sì ti mọ ẹ̀yìn ọmọ. Ẹ kàn ń wọ ẹ̀wù fún báàgì ni.

Ẹ gé aṣọ búráùn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kóòtù àtijọ́ dáa jù torí ó nípọn, ẹ gé e ní ìrísí ẹyin, íǹṣì 17 ní gígùn, bíi 17 ní fífẹ̀ níbi tó tóbi jù. Tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ò bá tó ẹ la méjèèjì kí ẹ rán wọn pọ̀, ojú ìrán máa wà lábẹ́ àbùlẹ̀. Kó má gùn ju ẹ̀yìn ọmọ lọ o, tó bá kọjá ìdí kò ní lè jókòó.

Àbùlẹ̀ onígun mẹ́fà: ẹ dojú pẹrẹsẹ tíì kan dé, èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 5, sórí ìwé, ẹ fa ìlà yí i ká, ẹ gé e. Ẹ ṣẹ́ ìwé rìbìtì yẹn sí méjì, ẹ tún ṣẹ́ ìlàjì yẹn sí mẹ́ta dọ́gba bíi pé ẹ ń ká ìwé mọ́ ẹ̀pà, ẹ wá gé etí tó tẹ̀ kọrọdọ yẹn kó lọ tààrà láti igun kan dé ìkejì. Ẹ ṣí i. Ó di onígun mẹ́fà, láìlo rúlà, láìlo ìṣirò, ọmọ Primary 4 mi rò pé idán ni. Ẹ lẹ gum stay mọ́ ẹ̀yìn ańkárá kí ó tó di pé ẹ gé e, kó má baà tú, ẹ gé méje: ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká. Ẹ jẹ́ kí àlàfo ààbọ̀ íǹṣì wà láàárín wọn kí búráùn lè máa yọ, ìlà ẹ̀yìn ahun nìyẹn. Ẹ fi píìnì dè wọ́n, ẹ fi zigzag rán etí wọn mọ́lẹ̀, ẹni tí kò ní zigzag kó rán gbọọrọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ìṣòro tí ọ̀kan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn tí wọ́n lẹ̀ ni.

Nísinsìnyí ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ fa òwú gba etí aṣọ ẹyin yẹn yíká, kí ẹ fà á díẹ̀ kí ó kó jọ bí etí fìlà ìwẹ̀, ẹ dé e mọ́ iwájú báàgì, ẹ fi òwú méjì rán an mọ́ ọn yíká. Kí ẹ tó pa á tán, ẹ ki fóòmù pílò àtijọ́ tí ẹ ti já wẹ́wẹ́ sínú kí ẹ̀yìn lè yọ gẹ̀ngẹ̀. Ẹ má ki àkísà sínú ẹ̀, ó wúwo, ẹ má sì ki ọ̀rá sínú ẹ̀, á máa dún kírí kírí kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ orin. Ìyókù ò le: ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò búráùn tàbí ewé, fìlà òtútù àtijọ́ fún orí, bọ́tìnì ńlá méjì fún ojú. Èmi ò kì í bo ojú ọmọ, ooru wa ò gba ìyẹn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ rí ibi tó ń lọ. Àbúrò mi ní London, fún World Book Day tiwọn ní oṣù kẹta, ọjọ́ tí àwọn ọmọ skúùlù máa ń múra bí ẹni inú ìwé, ló ṣe tiẹ̀, ó ní ọmọ òun nìkan ni Ìjàpá láàárín gbogbo wọn.

Àwọn nǹkan ọ̀ṣọ́

Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti já, ẹ tún un sín sínú rọ́bà tín-ínrín, kì í ṣe sínú òwú, kó lè fà tí ẹnì kan bá fi ìka há a. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré sí i lára rárá, ẹnu ló ń lọ. Ìkọ́lẹ́tí tó ku ẹyọ kan, ẹ yọ ìkọ́ ẹ̀, ẹ rán an mọ́ fìlà tàbí ìpèlé. Aṣọ agbòòjò tó ti ṣẹ́ dáa fún ìyẹ́ àdán tàbí ìyẹ́ labalábá, ó ti ní igun tẹ́lẹ̀. Ìgbànú bàbá tó ti là, ẹ lu ihò tuntun sí i, ẹ gé e, bọ́kù ẹ̀ ṣì ń tàn. Abẹ̀bẹ̀, ẹ fi dámásìkì gèlè àtijọ́ bo páálí.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ wọ̀ ọ́ fún un lálẹ́, odindi ẹ̀, kí ó jókòó, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó sáré dé kíṣìnì padà, kí ó sì lọ sí tọ́yílẹ̀ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Ọdún kan mo rán aṣọ kìnnìún kan tó pé jọjọ, odidi kan ni láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo fi okùn so ó ní ẹ̀yìn ní ibi mẹ́ta. Ọmọ ò lè dé okùn yẹn, ó tì í lójú láti sọ fún àǹtí ẹ̀, gbogbo wa rí kìnnìún tó ń sunkún lórí sítééjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tutù. Láti ọjọ́ yẹn, òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ ni mò ń rán, ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́bà tí ọmọ lè fà sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ibi tó bá há nígbà tó ń sáré, lálẹ́ yẹn náà ni kí ẹ tú u. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí inú fìlà, fìlà ló máa ń sọnù. Láàárọ̀, ẹ ki abẹ́rẹ́ tí ẹ ti fi òwú sí àti píìnì aláàbò méjì sínú àpò iwájú báàgì ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àǹtí kíláàsì pé ojú òsì Ìjàpá ti ń mì díẹ̀.